Ojú Inú àti Etí Inú: Bí A Ṣe Ń Rí Agbákò Nínú Ìwé Fágúnwà

Ọ̀rọ̀ ìyìn kan wà tí ó ti di àkọ́sórí lẹ́nu àwa tí ń kọ́ni ní ìwé D. O. Fágúnwà, ìbáà ṣe ní yunifásítì, ìbáà ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. A máa ń sọ pé ọkùnrin Òkè-Igbó náà ‘fi ọ̀rọ̀ ya àwòrán’. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ gbólóhùn yìí sínú ìdánwò yóò gba máàkì, olùkọ́ tí ó bá sì sọ ọ́ nínú kíláàsì kò ní rí ẹni tí yóò ta kò ó. Èmi ń ta kò ó. Ìyìn náà kò bá iṣẹ́ tí a fi ń yìn ín mu, ó sì ń pa àwọn ọmọ wa lára nídìí ìwé kíkà.

Ẹ jẹ́ kí a mú Agbákò, ẹni tí Àkàrà-oògùn bá pàdé nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1938. Òǹkọ̀wé sọ fún wa pé irin ni fìlà rẹ̀, idẹ ni ẹ̀wù rẹ̀, awọ sì ni ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní láti orúnkún rẹ̀ lọ sílẹ̀, bí imọ̀ ọ̀pẹ ni ó rí. Ó ní àwọ̀n irin bò ó láti ìdodo títí dé ìdí, oríṣiríṣi ẹ̀dá sì ti fi àwọ̀n náà ṣe ibùgbé, títí kan ejò ààyè tí ń yọ ahọ́n bí Agbákò ti ń rìn. Ojú mẹ́rìndínlógún ni ó tò yí ìsàlẹ̀ orí rẹ̀ ká, ó sì fi yíyí wọn wé ti agogo. Irun orí rẹ̀ dúdú, ó sì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gbá a lẹ́sẹ̀.

Nísinsìnyí, kí olùkọ́ kan ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, ka ibi yìí sókè fún ogún ọmọ, kí ó sì pín pẹ́ńsù àti bébà fún wọn pé kí wọ́n ya ohun tí wọ́n gbọ́. Kí pẹ́ńsù tó rìn jìnnà ni ìbéèrè yóò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀n irin yẹn, ṣé orí ṣòkòtò awọ ni ó wà ni, tàbí abẹ́ rẹ̀? Bí fìlà irin bá wà lórí, ibo ni irun tí ń gbá ẹsẹ̀ gbà jáde? Ojú tí ó yí orí ká, mélòó nínú mẹ́rìndínlógún ni ẹni tí ó dúró níwájú lè rí? Báwo sì ni a ó ṣe ya yíyí? Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò yan èyí tí ó wù ú, Agbákò ogún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni olùkọ́ yóò sì kó jọ. Fágúnwà kò dáhùn ọ̀kankan nínú ìbéèrè wọ̀nyí, nítorí pé ìbéèrè ayàwòrán ni wọ́n, òun kì í sì í ṣe ayàwòrán.

Bruce Onobrakpeya ni ayàwòrán. Àwòrán tí ó yà fún àwọn ìwé Fágúnwà ní àwọn ọdún 1960, tí ó sì tún wà nínú ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká ṣe ní 1968, jẹ́ iṣẹ́ àgbà ọ̀jẹ̀, mo sì fẹ́ràn wọn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣàìyàn. Bí ó bá ti fi ilà kan síbì kan, ó ti pa ogún ibi mìíràn tì. Ohun tí ó fún wa jẹ́ tirẹ̀, kò sì yẹ kí a pè é ní ohun tí Fágúnwà ‘rí’.

Ohun tí ó jọ mí lójú ni pé nígbà tí a bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò sí ẹni tí ìtakora yìí ń dí lọ́wọ́. Ẹ̀rù ń bà wá, Agbákò sì pé pérépéré lọ́kàn wa. Kí ni ó pé náà?

Àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ti bá ìbéèrè yìí jà pẹ́. Ní 1880, Francis Galton, ará Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwádìí kan jáde nínú èyí tí ó ti ní kí àwọn ènìyàn ro tábìlì tí wọ́n ti jẹun ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n sì sọ bí ó ti hàn sí wọn nínú ọkàn: ṣé ó mọ́lẹ̀ ni àbí ó ṣú, ṣé àwọ̀ ohun tí ó wà lórí rẹ̀ hàn. Àwọn kan ní ó hàn kedere bí ẹni pé ó wà níwájú àwọn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó kọ́kọ́ bi ní ìbéèrè kò rí nǹkan kan, wọ́n sì rò pé àwọn tí ń sọ pé àwọn ‘rí’ kàn ń fi ọ̀rọ̀ dárà ni. Ní 2015 ni Adam Zeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ipò àìrí yìí ní orúkọ, aphantasia. Kì í ṣe àrùn. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń kàwé, wọ́n sì ń gbádùn ìtàn.

Ní òdì kejì, ẹ̀rí wà pé ohun kan tí ó jọ àwòrán ń ṣiṣẹ́ nínú wa. Ní 1971, Shepard àti Metzler fi àwòrán méjì méjì han àwọn ènìyàn, wọ́n sì bi wọ́n bóyá ohun kan náà ni a yí padà. Bí yíyí náà bá ti pọ̀ sí i ni ìdáhùn ń pẹ́ sí i, bí ẹni pé ọkàn ń yí nǹkan náà díẹ̀díẹ̀. Ní 1978, Kosslyn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo àwòrán erékùṣù kan tí àwọn ènìyàn ti kọ́ sórí, wọ́n sì rí i pé bí ibi méjì bá ti jìnnà síra tó ni ó ń pẹ́ kí ọkàn tó ti ọ̀kan dé èkejì. Ẹni tí ó mọ Àkúrẹ́ lè dán an wò: kí ó di ojú, kí ó ti Alágbàká lọ sí Ọjà Ọba, kí ó padà, kí ó tún ti Alágbàká lọ sí ìlú Oǹdó. Ìrìn kejì yóò pẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ ni kò gbé ẹsẹ̀. Zenon Pylyshyn, onímọ̀ ará Kánádà, kò gbà. Ó ní ẹni náà mọ̀ pé ọ̀nà Oǹdó jìn, ohun tí ó mọ̀ ni ó ń ṣe bí ẹni ń ṣe eré, kò sí àwòrán kan lórí tí ó ń rìn kọjá. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí, èmi kò sì ní agbára láti parí rẹ̀ níhìn-ín.

Bí ó ti wù kí ó rí, èdè wa ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Lawal kọ ọ́ ní 2001 pé inú ‘wò’ àti ‘rántí’ ni ọ̀rọ̀ náà àwòrán ti jáde: ohun tí a ń wò kí a lè rántí. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, òde ni àwòrán wà, lára ògiri tàbí lára igi. Ohun tí Yorùbá fi sí inú ni ojú. Ojú inú ni a ní, kì í ṣe ilé àwòrán. Ojú sì jẹ́ ohun tí ń ṣiṣẹ́, kò jọ bébà tí a ti ya nǹkan sí. Mo rò pé Fágúnwà mọ èyí ju àwa tí ń yìn ín lọ. Ẹ padà lọ ka ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Ìlù ni ó fi ìtàn rẹ̀ wé, òun ni onílù, àwa ni oníjó. Lẹ́yìn èyí, ó fún òǹkàwé ní àṣẹ: nígbà tí ẹnì kan nínú ìtàn bá ń sọ̀rọ̀, kí òǹkàwé fi ara rẹ̀ sí ipò ẹni náà kí ó sì sọ̀rọ̀ bí i tirẹ̀, nígbà tí èkejì bá ń dáhùn, kí ó gbọ́ ọ bí ẹni tí a ń bá wí. Kò sí ìgbà tí ó ní kí a di ojú kí a máa wò. Ẹnu, etí àti ara ni ó bẹ̀ lọ́wẹ̀.

Ojú mẹ́rìndínlógún náà ńkọ́? Kò sí ojú, ti inú tàbí ti òde, tí ó lè mọ mẹ́rìndínlógún ní àwòfín ẹ̀ẹ̀kan láìkà á. Ṣùgbọ́n etí Yorùbá mọ iye náà láti kékeré: ikin mẹ́rìndínlógún, ẹyọ owó mẹ́rìndínlógún, àti odù àgbà mẹ́rìndínlógún tí a ń pè ní ojú odù. N kò sọ pé òǹkọ̀wé, ẹni tí orúkọ ìdílé rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní Ifá nínú, jókòó ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé iye náà ti ní ìwúwo ní etí wa kí Agbákò tó dé, ìwúwo náà ni ó ń bà wá lẹ́rù.

Àwọn tí ó péjọ sí Àkúrẹ́ ní 2013 láti rántí àádọ́ta ọdún tí Fágúnwà kú fi hàn pé ìwé rẹ̀ kò tíì kú. Nínú kíláàsì ni mo ń bẹ̀rù fún un. Bí a bá ń kọ́ ọmọ pé àwòrán ni ìwé yìí, kí ni a ó sọ fún ọmọ tí ó bá jẹ́wọ́ pé òun kò rí nǹkan kan nígbà tí òun ń kà á? A máa ń sọ fún un pé kò ní ojú inú, a sì máa ń kọ ‘kò fi ọkàn sí i’ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà lè wà lára àwọn tí Galton bi ní ìbéèrè. Ó lè jẹ́ pé etí rẹ̀ ti gbọ́ Agbákò ju ti ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kí a ka ìwé náà sókè kí a tó ṣí ojú ewé tí àwòrán wà. Kí ìbéèrè ìdánwò yé jẹ́ ‘Báwo ni Agbákò ṣe rí?’ nìkan. Bí ó bá sì jẹ́ èmi ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, n kò ní fi Agbákò bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹ̀gbin ni n ó kà fún wọn, ẹni tí àwọn ọdẹ bá pàdé ní ọ̀nà Òkè Lángbòdó, tí jìgá ti jẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, tí kì í wẹ̀, tí òórùn rẹ̀ ń bo ojú ewé mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni n ó pín bébà, n ó sì wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ di imú kí ó tó mú pẹ́ńsù.