Mario, Olùkọ́ Tí Kì Í Lanu

Nígbà tí mo dé Ìlaro lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún méje, gba fóònù mi pé òun fẹ́ ṣe géèmù. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: Super Mario Bros., tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún rí lẹ́yìn ohun tó lé ní ogún ọdún. Kí n tó sọ ohun tí ọmọ náà ṣe, ẹ jẹ́ ká gbé géèmù yìí sórí ìwọ̀n. Ṣé ó dáa lóòótọ́ ni, àbí àárò ìgbà èwe ló ń tàn wá jẹ?

Àwa ọmọ Yewa tí a dàgbà sọ́nà Ìdìrókò kò mọ Nintendo, ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù náà. Ayédèrú ẹ̀rọ ló dé ọ̀dọ̀ wa, pẹ̀lú káséètì aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n kọ èdè Ṣáínà sí lára. Ìwé ìlànà kò bá a wá. Ká tiẹ̀ ní ó bá a wá, ta ni yóò kà á? Ọmọ mẹ́fà á yí tẹlifíṣọ̀n kan ká. Ẹni tó bá kú á gbé páàdì fún ẹni tó kàn. Bí àwòrán bá ń ṣe ségesège, a ó yọ káséètì, a ó fẹnu fẹ́ ẹ, a ó tún tì í bọ inú ẹ̀rọ. Nintendo padà kìlọ̀ pé kí a má fẹ́ ẹ mọ́, torí ọ̀rinrin ẹnu ń ba irin inú rẹ̀ jẹ́. Kò sí àgbà kankan tó kọ́ wa. Géèmù náà ló kọ́ wa.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985 ló jáde ní Japan. Shigeru Miyamoto àti Takashi Tezuka ló ṣètò rẹ̀, Koji Kondo ló ṣe orin rẹ̀. Gbogbo ààyè tó gbà kò ju kílóbáìtì 40 lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo tí a bá fi fóònù yà lónìí jù ú lọ fíìfíì. Nítorí pé ààyè há, àwòrán kan náà ni wọ́n fi ṣe ìkùukùu àti igbó: wọ́n kùn ún ní funfun lókè, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé nílẹ̀. A wò ó títí, a ò fura.

Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọgbọ́n pọ̀ sí jù. Mario, ẹni tí ò ń darí, dúró lápá òsì, iwájú rẹ̀ ṣófo. Kò síbòmíì tí yóò gbà ju ọ̀tún lọ. Nǹkan kékeré kan ń bọ̀, ó fajú ro. Bó bá kàn ọ́, o kú. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ lo ṣì wà, àdánù rẹ kò pọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, o fò, o balẹ̀ sórí rẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn náà lo forí gbá búlọ́ọ̀kù, olú bá jáde. Olú inú ọbẹ̀ ni mò ń wí o, kì í ṣe Kábíyèsí Olú Ìlaro. O fẹ́ sá, ṣùgbọ́n olú náà kọlu páìpù, ó ṣẹ́rí padà sọ́dọ̀ rẹ. Bíríkì tó wà lókè orí kò sì jẹ́ kí o fò ó. Ó kàn ọ́, o bá di ńlá. Báyìí lo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tó ń bọ̀ ni ọ̀tá. Nígbà tí Miyamoto ń ṣàlàyé èyí fún ìkànnì géèmù Eurogamer ní 2015, ó ní àwọn a máa ṣe àwọn apá tó wà níwájú ná, kí àwọn tó padà wá ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti rin ọ̀nà dópin ló mọ bí a ti ń fi ẹsẹ̀ àlejò lé e.

Géèmù náà ní ibi tó kù sí. Ìpele 32 ni, kò sì sí bí a ṣe lè fi ibi tí a dé pa mọ́. Àwọn tó ṣe é kò mọ ìlú tí iná ti ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Nínú ààfin tó parí ayé kẹrin, ìyẹn apá kẹrin géèmù náà, bí o bá ṣi ọ̀nà gbà, yóò kàn máa yí ọ po láìsọ àṣìṣe rẹ. Ibẹ̀ ni olùkọ́ náà ti dákẹ́ jù. Àwọn ọmọ tó jókòó sẹ́yìn ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: “Òkè ni kó o gbà!”

Ní ìparí 2016, Nintendo gbé Mario dé orí fóònù nínú Super Mario Run. Níbẹ̀, Mario ń dá sáré fúnra rẹ̀, fífò nìkan ló kù fún ìka. Ìpele díẹ̀ sì ni ọ̀fẹ́, kí wọ́n tó béèrè nǹkan bíi dọ́là 10. Mi ò bá wọn jà lórí owó, iṣẹ́ ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gbé pọ̀n kì í mọ̀nà. Èyí tó ti 1985 wá ló borí lójú tèmi, torí ó jẹ́ ká fi ẹsẹ̀ ara wa rìn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Nǹkan kékeré yẹn pa á lójú ẹsẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí. Mo pa ẹnu mọ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kejì, ó fò.