Ta Ni Ó Fín Igbá Yìí?

Mo ra igbá fífín kan ní ọjà Arzèkè. Ọnà ara rẹ̀ dára. Mo yí i síwá sẹ́yìn, n kò rí orúkọ ẹni tó fín in.

Ó mú mi rántí àwọn olùkọ́ kan. Ní ọdún 1997, ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ní Washington, ní Amẹ́ríkà, pàtẹ iṣẹ́ ayàwòrán méje. Uche Okeke, Obiora Udechukwu àti El Anatsui wà nínú wọn. Àwọn mẹ́ta yìí ti ṣe olùkọ́ ní yunifásítì Nsukka, ní Nàìjíríà.

Mo wo àwòrán Okeke àti Udechukwu nínú ìwé. Ìlà wọn kò pọ̀, ó sì tó. Ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ lófìfo náà ní ẹwà.

Ta ni ó kọ́ wọn? Àwọn obìnrin Ìgbò ni, tí wọ́n ń fi uli ya ọnà sí ara àti ògiri. Okeke kọ́ ọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ohun kan dùn mí. A mọ orúkọ àwọn olùkọ́. Ṣùgbọ́n òjò ti fọ ògiri àwọn ìyá, orúkọ ọ̀pọ̀ wọn sì ti sọnù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fín igbá, ẹ ti lè kọ orúkọ yín báyìí. Ẹ kọ ọ́ sí ìdí igbá.