Odò Tó Pàdé, Odò Tó Pínyà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ ó rántí igi ẹbí èdè tí a máa ń yà sójú pátákó: èdè ìyá lókè, àwọn ọmọ nísàlẹ̀. Ẹ ó sì rántí pé láti ọdún 1872 ni Johannes Schmidt ti sọ pé igi yẹn ò tó, torí àwọn èdè tó múlé gbe ara wọn máa ń yá nǹkan lọ́wọ́ ara wọn. Irú àríwísí yẹn ni mo ní sí bí wọ́n ṣe ń ya odò lórí ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní GIS.

Wọ́n á pín ilẹ̀ sí ojú kéékèèké bí ojú àwọ̀n, wọ́n á kọ bí ojú kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó. Ojú kọ̀ọ̀kan ní aládùúgbò mẹ́jọ. Ibi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti pọ̀ jù ni omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà lọ. D8 ni wọ́n ń pe òfin yìí. O'Callaghan àti Mark ló gbé e jáde lọ́dún 1984. Ibi tí omi láti ojú púpọ̀ bá ti ṣàn jọ, kọ̀ǹpútà á pè é ní odò. Wọ́n á wá fún odò ní ipò lọ́nà ti Strahler: èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní orísun wà ní ipò kìíní, ìkíní méjì pàdé, wọ́n di ìkejì, ìkíní pàdé ìkejì, ìkejì náà ni.

Fún Odò Ọ̀ṣun tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ Èkìtì, tí àwọn odò kéékèèké ń wọ inú rẹ̀ lọ́nà, ó ṣe wẹ́kú. Mo gbóríyìn fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ tún òfin yẹn wò: ojú kan, ọ̀nà àbájáde kan ṣoṣo. Omi lè pàdé, kò lè pínyà láé. Ẹ wá gbé e dé Odò Ọya. Ní Lọ́kọ́ja tó ti pàdé Bẹ́núè, kò sí wàhálà. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, Ọya pín sí Nun àti Forcados. Kí ni D8 máa ṣe? Á gbé gbogbo omi fún ọ̀kan, á sọ èkejì di ọmọ òrukàn tí òjò àdúgbò nìkan ń bọ́. Lọ́dún 2012, ìkún-omi bo ìlú púpọ̀ ní ìpínlẹ̀ Bayelsa àti Delta. Tí ẹni tó ń kìlọ̀ fún ará ìlú bá gbára lé irú àwòrán yìí nìkan, omi á ká àwọn kan mọ́ orí ẹní.

Àwọn kan á ní ká sáà wá àwòrán tó mọ́ sí i láti ojú ọ̀run. Rárá o! Àbùkù gírámà nìyí. Tí gírámà bá ní gbólóhùn kò gbọ́dọ̀ ní ju ọ̀rọ̀-ìṣe kan lọ, ẹ ko ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ tuntun sínú ìwé atúmọ̀, "Ó ra ẹran jẹ" ò ní rí ọ̀nà wọlé. Àbí?

Lọ́dún 1997, Tarboton gbà kí ojú kan pín omi fún aládùúgbò méjì. Ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, àmọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ ló ṣì ń tẹ̀ lé, ilẹ̀ ẹnu odò sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Níbẹ̀, èyí tí mo fara mọ́ ni kí wọ́n ya ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà, kí wọ́n wọn iye omi tó ń gbà lẹ́ẹ̀rùn àti lójò, kí wọ́n kọ ọ́ sí i lára.

Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. D8 ò gbàgbé orísun. Ẹnu odò ló gbàgbé, bẹ́ẹ̀ èèyàn ń gbé ibẹ̀.