Ohun Tó Tọ́ sí Ẹni Tí A Kò Fẹ́ràn

Bí àwọn òpìtàn Amẹ́ríkà bá ń to àwọn ààrẹ wọn láti orí ẹni tó dára jù dé orí ẹni tó burú jù, ìsàlẹ̀ tàbí nítòsí ìsàlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi Andrew Johnson sí. Òun ni igbákejì Abraham Lincoln, tó gorí àlééfà ní oṣù kẹrin ọdún 1865 nígbà tí wọ́n yìnbọn pa ọ̀gá rẹ̀. Òun náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ tí ilé aṣòfin fẹ̀sùn kàn láti yọ nípò. Obìnrin aláwọ̀ dúdú, ọmọ ìpínlẹ̀ Texas, ló kọ ìwé tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí. Annette Gordon-Reed lorúkọ rẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí ìdílé Hemings, àwọn ẹrú Thomas Jefferson, ti gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 2009, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn náà fún ìwé ìtàn. Ní 2011 ni ìwé tí mo ń sọ yìí, Andrew Johnson, jáde, ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ ìwé kéékèèké tí wọ́n ń kọ nípa ààrẹ kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè tó gbà mí lọ́kàn kí n tó ṣí ìwé náà kò ṣòro láti mọ̀. Báwo ni ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú yóò ṣe kọ ìtàn ọkùnrin tó dènà òmìnira wọn, tí kò sì ní sọ ọ́ di ìwé èébú? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀nà kan ṣoṣo tí ònkọ̀wé fi lè ṣe òdodo ni kí ó máa fi ìyìn kan tẹ̀ lé ẹ̀bi kan, títí tí òṣùwọ̀n yóò fi dúró déédéé. Gordon-Reed kò gba ọ̀nà yẹn, ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ka ìwé rẹ̀ sí. Gbogbo ohun tó jẹ́ ti Johnson ló fún Johnson. Lẹ́yìn náà ló wá mú àwọn tí Johnson pa lára wọlé, tí ó sì fún àwọn náà ní àyè ìjókòó.

Ẹ wo bó ṣe sọ ìtàn ìgbà èwe Johnson. Oṣù kejìlá ọdún 1808 ni wọ́n bí Johnson ní Raleigh, North Carolina, sínú òṣì paraku. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Wọ́n fà á lé aránṣọ kan tó ń jẹ́ James Selby lọ́wọ́, ìwé àdéhùn sì dè é mọ́ ọn títí yóò fi pé ọmọ ọdún 21. Ní 1824, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sá lọ. Ni Selby bá kéde wọn nínú ìwé ìròyìn pé ẹni tó bá mú wọn wá yóò gba dọ́là 10. Bí wọ́n ṣe ń kéde ẹrú tó sá gan-an nìyẹn. Ọmọ yìí kò fẹsẹ̀ tẹ ilé-ìwé rí. Nígbà tó dé Greeneville ní Tennessee, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ó fẹ́ Eliza McCardle ní 1827, Eliza ló sì ràn án lọ́wọ́ tó fi mọ ìwé kọ dáadáa. Láti ìdí abẹ́rẹ́ ló ti dé ìgbìmọ̀ ìlú, ó di aṣòfin ìpínlẹ̀, ó lọ sí Washington, ó jẹ gómìnà, ó sì di sẹ́nétọ̀. Gordon-Reed kò ṣahun rárá nínú bó ṣe ka gbogbo èyí. Bẹ́ẹ̀ ni kò fi ọwọ́ bo ìgboyà Johnson ní 1861, nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù ya kúrò lára Amẹ́ríkà, tí gbogbo sẹ́nétọ̀ wọn sì ń di ẹrù, tí Johnson nìkan láàárín wọn kọ̀ láti fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu nítorí èyí.

Ọkùnrin yìí kan náà ra ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Dolly. Ó ra Sam náà. Ẹni tí wọ́n ti fi owó lé orí rẹ̀ rí, nígbà tí owó dé ọwọ́ òun náà, ènìyàn ló fi rà. Ibí ni ònkọ̀wé tí kò gbọ́n tó yóò ti sáré wá àwáwí. Gordon-Reed kò wá àwáwí, kò sì pariwo. Ó jẹ́ kí a rí i pé bí Johnson ṣe kórìíra àwọn olóko ọlọ́rọ̀ tó kò wá láti inú àánú ẹrú rárá. Lójú tirẹ̀, olówó àti ẹrú jọ pawọ́ pọ̀ láti tẹ tálákà aláwọ̀ funfun mọ́lẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti lóye èyí kò ní bèèrè mọ́ pé kí ló yí i padà lẹ́yìn ogun abẹ́lé láàárín Àríwá àti Gúúsù. Kò yí padà.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 1866, Frederick Douglass àti àwọn aṣojú aláwọ̀ dúdú mìíràn lọ bá a ní ilé ààrẹ láti bèèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò. Ọ̀rọ̀ gígùn ni ààrẹ fi dá wọn lóhùn. Ó ní òun ti ra ẹrú rí, ṣùgbọ́n òun kò ta ọ̀kan rí, bí ẹni pé ó yẹ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Ní ọdún yẹn kan náà ló kọ̀ láti buwọ́ lu òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú, tí ilé aṣòfin sì fi ìbò tó pọ̀ borí rẹ̀.

Ibi tí ìwé náà kò tẹ́ mi lọ́rùn tó ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1865, Ọ̀gágun Sherman ti Àríwá pa á láṣẹ pé kí wọ́n fi ilẹ̀ etí òkun South Carolina, Georgia àti Florida fún àwọn ẹrú tó ti gba òmìnira. Àwọn bí 40,000 ló tẹ̀dó síbẹ̀, wọ́n kọ́lé, wọ́n gbin oko. Johnson ní kí wọ́n dá ilẹ̀ náà padà fún àwọn olóko àtijọ́. Ní oṣù kẹwàá, wọ́n rán Ọ̀gágun Howard lọ sí erékùṣù Edisto ní South Carolina láti lọ sọ fún àwọn tó tẹ̀dó síbẹ̀. Àwọn ará Edisto kọ lẹ́tà sí ààrẹ fúnra rẹ̀, wọ́n ṣàlàyé pé àwọn ti fi òógùn àwọn ra ilẹ̀ yìí. Ìwé tó kéré tó báyìí kò lè dúró tì wọ́n pẹ́, mo mọ̀. Síbẹ̀, nítorí pé Gordon-Reed fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa láti máa wá ohùn àwọn tí ìtàn gbàgbé, ìbá wù mí kí ó gé ìṣèlú Tennessee kúrú fún wọn.

Èdè àìyedè mi kejì pẹ̀lú rẹ̀ wúwo díẹ̀. Ó gbà pé lójú ẹsẹ̀ tí ogun parí, ara Gúúsù ti rọ̀, wọn ìbá gba ohunkóhun tí Washington bá là sílẹ̀, àti pé Johnson ló kì wọ́n láyà. Òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1865 yẹn gan-an, àwọn olùdìbò Connecticut, Wisconsin àti Minnesota, tí gbogbo wọn jẹ́ ará Àríwá, kọ̀ láti fún aláwọ̀ dúdú ní ẹ̀tọ́ ìdìbò. Bí a bá gbé gbogbo ẹrù náà lé Johnson lórí, àwọn wọ̀nyí yóò bọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé náà kò gbàgbé wọn pátápátá, àmọ́ kò tẹnu mọ́ wọn bí ó ti yẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn tó kọ ṣáájú rẹ̀ ló ṣe òdodo jù ú lọ. Robert Winston ní 1928 àti Claude Bowers ní 1929 sọ Johnson di akọni tí àwọn ọ̀tá òfin fẹ́ pa run. Nínú ìwé wọn, àwọn aláwọ̀ dúdú kò ní ọkàn, wọn kò sì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ní 1935 ni W. E. B. Du Bois dá irú àwọn bẹ́ẹ̀ lóhùn nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí àkókò yẹn. Orí ìpìlẹ̀ tí Du Bois fi lélẹ̀ ni Gordon-Reed dúró lé, àmọ́ ohùn tirẹ̀ tutù ju ti Du Bois lọ.

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́jọ́ ọdún 1868, níbi tí Johnson ti bọ́ pẹ̀lú ìbò 35 sí 19 nítorí pé ìbò kan ṣoṣo ló kù kí wọ́n yọ ọ́ nípò, kò gba àyè púpọ̀ níhìn-ín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n ní kíkún, kí ó lọ sídìí ìwé Hans Trefousse tó jáde ní 1989, tó tóbi ju èyí lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́ kan bá bi mí pé ìwé wo ni òun lè fi kọ́ bí a ṣe ń kọ ìtàn ayé olóṣèlú tí a kò fẹ́ràn, ti Gordon-Reed ni màá fi lé e lọ́wọ́, màá sì ní kí ó ka ibi tó dá lórí 1865 àti 1866 lẹ́ẹ̀mejì.