Àpótí Oníyàrá Márùn-ún

Bí ojúmọ́ bá ti ń là bọ̀ ní Lánlátẹ̀, tí àwọn ìyá ayangàrí kò tíì koná sábẹ́ agbada, tí àwọn ọlọ́kadà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi àkísà nu ìrì kúrò lórí ìjókòó alùpùpù wọn, èmi a ti gbé àpótí mi síta, n ó ti gbé e ka orí férémù irin tí wẹ́dà jó mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà mi, n ó ti fi okùn rọ́bà dì í lọ́nà méjì, n ó sì ti mì í wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó ṣáná. Àwọn tí kò mọ̀ mí a máa pè mí pé kí n wá ta búrẹ́dì. Ìyá arúgbó kan ní Ìdèrè tilẹ̀ dá mi dúró lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ọmọ mi, ǹjẹ́ o ní oògùn ẹ̀yìn dídùn níbẹ̀?” Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Rárá o, Ìyá, oògùn ọkọ̀ ni mo rù.” Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọkọ̀ máa ṣàìsàn kí ebi má baà pa mí.

Afọkọ̀ ni mí. Kì í ṣe irú èyí tí ń da omi ọṣẹ lé ọkọ̀ lórí, tí ń fi fóòmù ra á ràràrà, tí ó sì ń nawọ́ gbowó. Irú èyí tí ń fi búrọ́ọ̀ṣì akunlé gbọn eruku inú ihò afẹ́fẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni mí, tí ń kun ara ọkọ̀ ní ìda títí ọlọ́kọ̀ yóò fi lè dúró níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí ó sì fá irùngbọ̀n bí ẹni tí ń wo dígí. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ní ọ̀nà Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ọ, níbi tí ọkọ̀ ti ń tò wá bá wa láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí gbogbo ohun èlò sì ní pẹpẹ tirẹ̀ lára ògiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbòmìnira, tí mo padà sílé, mo rí i pé ọ̀rọ̀ yí padà: ní Ìbàràpá, ọkọ̀ kì í wá bá afọkọ̀, afọkọ̀ ní í lọ bá ọkọ̀. Olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Lánlátẹ̀ níhìn-ín ń fẹ́ kí a fọ tirẹ̀ ní Sátidé. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní pólì Ẹ̀rúwà ń fẹ́ tirẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Oníṣòwò ẹ̀gúsí kan wà ní Igbó-Ọrà tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọkọ̀ rẹ̀ àfi ní ìṣojú òun. Ìbàràpá méje, láti Ìgàngán, Tápà àti Àyétẹ̀ títí dé Ẹ̀rúwà, ni ṣọ́ọ̀bù mi, àfi pé ṣọ́ọ̀bù náà kò ní ògiri tí mo lè kan pẹpẹ mọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ìkarahun mi ni àpótí yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí kí n má baà gbàgbé: ẹni tí ó bá rò pé torí àtigbé nǹkan kiri ni mo ṣe kan àpótí kò tíì mọ ìdí iṣẹ́ náà. Àpò ń gbé nǹkan kiri. Garawa ń gbé nǹkan kiri. Àpò gan-an ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀, báàgì aláwọ̀ búlúù òun pupa tí gbogbo wa ń pè ní Ghana-Must-Go, èyí tí ó gba orúkọ rẹ̀ ní oṣù January 1983, nígbà tí ìjọba Alhaji Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde, tí àwọn ará Gáná sì rọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ní sínú rẹ̀. (Kí a tó bú Nàìjíríà tán, ẹ rántí pé Gáná ni ó kọ́kọ́ na pàṣán yìí, nígbà tí ìjọba Busia lé àwọn èèyàn wa tí ń ṣòwò lọ́hùn-ún ní 1969.) Àpò ẹni tí a ń lé ni àpò yẹn. Ẹni tí a ń lé kì í to ẹrù. Ó ń rọ́ ọ ni. Èmi náà a máa rọ́ tèmi: búrọ́ọ̀ṣì táyà lókè tówẹ̀lì, ìgò ọṣẹ lábẹ́ fóòmù, àkísà tí mo fi nu rìímù lánàá nínú àkísà tí n ó fi nu bọ́nẹ́ẹ̀tì lónìí.

Ibẹ̀ ni àjẹ́ ti ké lọ́jọ́ kan. Ọkọ̀ Toyota Camry dúdú kan ni, ti ọkùnrin kan tí mo ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, tí kò tíì ju oṣù méjì lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ lábẹ́ ibòji, mo nù ún gbẹ, ojú mi tilẹ̀ ń dán ju ọkọ̀ náà lọ. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n wà á bọ́ sí oòrùn ni ọ̀rọ̀ di wàhálà: gbogbo orí bọ́nẹ́ẹ̀tì kún fún ìlà wínníwínní, yípoyípo, bí òwú aláǹtakùn tí ìtànṣán bá mú. Ẹ̀gbọ́n kò pariwo. Ó rìn yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀méjì, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó wá wò mí, ó ní, “Àbúrò, mo ní kí o fọ̀ ọ́ fún mi, n kò ní kí o kọlà fún un. Gọ̀mbọ́ ni èyí, tàbí àbàjà?” Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tọrọ àforíjì pẹ̀lú pólíìṣì àti ọwọ́ ara mi, n kò sì gba kọ́bọ̀.

Iyanrìn kan ṣoṣo nínú àkísà tó láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ wa. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, eruku ọ̀nà oko a bo ewé ẹ̀gẹ́, a bo òrùlé, a bo ọkọ̀, ọyẹ́ a sì tún gbé tirẹ̀ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà kí ó fi lé e. Inú ihò rìímù ni èyí tí ó burú jù nínú rẹ̀ ń sá pamọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ọ̀dà ọkọ̀ òde òní kò dà bí ti àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Pijó 504 ní Kàdúná ní 1975, àwọ̀ wọn gan-an ni ó wà lókè, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí o bá ń fi pólíìṣì nù ún, àkísà ọwọ́ rẹ a di àwọ̀ ọkọ̀ náà. Mo rántí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi fún mi ní ọ̀kan láti nù, mo rí àkísà mi tí ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, mo fi í sílẹ̀ mo sá, mo rò pé mo ti bó ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ láwọ̀. Ti ìsinsìnyí ní aṣọ àwọ̀lékè kan tí ó mọ́ gaara bí omi lórí àwọ̀ rẹ̀, aṣọ náà kò sì nípọn tó irun orí kan ṣoṣo. Òun ni ó ń dán. Òun náà ni iyanrìn ń kọ nílà. Nítorí náà, ohun tí àpótí wà fún ni kí ó máa ya nǹkan nípá kúrò lára nǹkan, kí ohun tí ó fọwọ́ kan ilẹ̀ má ṣe pàdé ohun tí yóò fọwọ́ kan ọ̀dà láéláé.

Káfíńtà tí mo kọ́kọ́ lọ bá fi ìrókò kan tirẹ̀ fún mi. Iṣẹ́ rere ni, ọmọ ọmọ mi ìbá jogún rẹ̀, ṣùgbọ́n òfìfo rẹ̀ nìkan tó ẹrù géńdé, ọ̀kadà mi sì ń gbérí sókè níwájú bí ẹṣin tí ejò yọ sí. Èkejì ni mo wà lórí rẹ̀ títí di òní: pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi páànù gbá létí, ẹsẹ̀ bàtà méjì ní gígùn, ẹsẹ̀ kan àti ààbọ̀ ní ìbú, ìdè kan lórí, àgádágodo kan níwájú. Mo pín inú rẹ̀ bí agbo ilé.

Yàrá àkọ́kọ́, ní ìsàlẹ̀ lápá òsì, ni ti táyà. Ó ní ìdérí tirẹ̀ tí ó há pinpin, nítorí yàrá abirùn ni: ohun tí ó bá wọ ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bá ará ilé jẹun mọ́. Ní ìdojúkọ rẹ̀ ni yàrá àwọn aṣọ ìnukọ̀ wà, funfun fún ara ọkọ̀, búlúù fún gíláàsì, tí mo fọ̀ láìfi ọṣẹ onílọ́fínńdà sí, tí mo ká, tí mo sì fi ọ̀rá wé ní mẹ́ta-mẹ́ta. Òfin ibẹ̀ le ju òfin ààfin lọ. Aṣọ tí ó bá jábọ́ sílẹ̀, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ìbáà ṣe orí sìmẹ́ńtì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá, ti rọ̀ lóyè lọ́jọ́ náà. A kì í gbọ̀n ọ́ nù kí a dá a padà, yàrá táyà ní í lọ, kì í sì í tibẹ̀ bọ̀.

Yàrá àwọn ìgò ni ó gba ọgbọ́n jù. Ìgò kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀. Nítorí náà mo fi pákó wẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ihò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó dúró bí akọrin. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Ìbàràpá kì í ṣe ọ̀nà tí í jẹ́ kí ohun tí ó dúró dúró pẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn elépo ni mo ti kọ́ èyí tí mo ń ṣe: n ó gé ọ̀rá pélébé, n ó fi bo ẹnu ìgò, n ó wá fi ìdérí lọ́ ọ mọ́ ọn títí ọ̀rá yóò fi yọ etí jáde bí gèlè. Láti ìgbà náà, òróró táyà kò da sínú ilé mi mọ́. Ní ìsàlẹ̀ yàrá yìí, níbi tí kànìnkànìn náà ń gbé, ni mo lu ihò márùn-ún sí, nítorí kànìnkànìn tí ó bá tutù tí a sì dé mọ́ inú àpótí, kí ó tó di ọjọ́ kejì yóò ti máa rùn bí ògì tí ó kan.

Yàrá ìda kéré, fóòmù ìbùsùn àtijọ́ ni mo sì fi tẹ́ ẹ káàkiri kí oòrùn má baà rí i. Mo fẹ́ràn ìda yìí ju gbogbo ẹrù mi lọ, nígbà tí mo sì gbọ́ orísun rẹ̀ ni ìfẹ́ náà le sí i: ara ọ̀pẹ ni ó ti ń wá, ọ̀pẹ kan tí ń hù ní ilẹ̀ Brazil, tí wọ́n ń gé imọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń sá a gbẹ, tí wọ́n sì ń lù ú títí ìda yóò fi gbọ̀n sílẹ̀ lára rẹ̀. Carnauba ni wọ́n ń pè é. Àwa tí ọ̀pẹ ń fún ní epo, tí ó ń fún ní ẹmu, ìgbálẹ̀ àti adín, kò tún yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé ọ̀pẹ náà ni ó ń dáṣọ fún ọkọ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí ìgbẹ́ ẹyẹ àti omi èso kajú ráyè wọ ọ̀dà lára, ẹni tí ó bá sì ti gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi kajú rí ní ìgbà èso mọ ohun tí mo ń wí. Yàrá karùn-ún gba wóróbo: búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, òwú etí, abẹ.

Kẹ́ẹ̀gì kì í wọ àpótí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀kadà ni méjì rẹ̀ ń so rọ̀ sí lófìfo, aláwọ̀ ìyeyè, oní-25 lítà, tí ó ti gba òróró rí. Mo bínú sí i díẹ̀. Àwọn ará Jámánì tí wọ́n ṣe kẹ́ẹ̀gì onírin sílẹ̀ kí ogun 1939 tó dé fún tiwọn ní ọwọ́ mẹ́ta lórí, kí ènìyàn méjì lè jùmọ̀ gbé e bí ó bá kún, kí ẹnì kan sì lè fi ọwọ́ kan gbé méjì bí ó bá ṣófo. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí i, wọ́n jí ọgbọ́n náà lò, wọ́n sì fi orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n ń pe ọ̀tá wọn sọ ọ́ ní jerrycan. Ti ọjà wa ní ọwọ́ kan, ọwọ́ náà sì ń gé ìka. Lófìfo ni mo ń gbé e rìn nítorí kàǹga wà nílé oníbàárà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí ìyàwó ilé ń ka omi rẹ̀, méjèèjì ni n ó pọn kún láti ilé, n ó sì rọra fi 50 lítà náà fọ Camry kan pátá.

Kò sí ohun tuntun nínú gbogbo èyí. Babaláwo ní àpò àbíra, adóṣù Ṣàngó ní làbà, ọdẹ ní apó ọfà, onígbàjámọ̀ ní àpò abẹ. Àwọn Hausa atúnbàtà sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì lu ẹ̀gbẹ́ àpótí wọn títí dòní kí á lè mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà to inú rẹ̀ ni n kì í yé wò, bí wọ́n bá gbà mí láyè.

Ọmọkùnrin kan ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi báyìí. Oṣù méjì àkọ́kọ́, n kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ọkọ̀. Àpótí ni mo ní kí ó máa tú, kí ó máa tò, inú sì ń bí i, ó rò pé mo ń fi ìyà jẹ òun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a wà ní Igbó-Ọrà, èmi ń nu gíláàsì iwájú, òun wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó rò pé n kò rí òun. Aṣọ funfun kan yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sórí kóńkéré. Mo ń wò ó láti inú dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó mú un, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, kò sí ohun kan lára rẹ̀. Ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí yàrá tó wà ní ìsàlẹ̀ lápá òsì, ó jù ú sí i, ó sì dé e pinpin. Mo fi aṣọ búlúù mi lọ sí gíláàsì kejì.