Ìgbádùn Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀rí Lọ́wọ́ Lámèyítọ́: Àyẹ̀wò Fíìmù The Lord of the Rings àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Olùkọ́ Lítíréṣọ̀

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá sọ ìwé di fíìmù: "Fíìmù ti ba ìwé jẹ́." Bí a bá bi ẹni tó sọ ọ́ pé kí ni fíìmù náà bàjẹ́, àwọn nǹkan tó wà nínú ìwé tí kò sí nínú fíìmù ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kà sílẹ̀. Ìdáhùn bẹ́ẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ka iye ẹran inú ọbẹ̀ láì tọ́ ọbẹ̀ wò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní tiwọn á ní, "Fíìmù náà dùn," wọ́n á sì dákẹ́. Olùkọ́ ń ka àléébù, akẹ́kọ̀ọ́ ń gbádùn, kò sì sí ẹni tó ń ṣàlàyé nínú àwọn méjèèjì.

Èrò pépà yìí ni pé ìgbádùn òǹwòran jẹ́ ẹ̀rí tí lámèyítọ́ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń yẹ ìlò èdè, ìfìwàwẹ̀dá àti ibùdó ìtàn wò. Ibi tí fíìmù ti dùn, kí ló mú un dùn? Ibi tó ti tẹ́, kí ló fà á? Fíìmù mẹ́ta tí Peter Jackson darí láti inú ìwé The Lord of the Rings ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìwé náà gbajúmọ̀, fíìmù náà gbajúmọ̀, àríyànjiyàn tó wà láàárín wọn kò sì tíì tán.

Ìwé náà àti fíìmù náà

J.R.R. Tolkien tó kọ ìwé náà jẹ́ olùkọ́ bíi tiwa. Bloemfontein ní South Africa ni wọ́n bí i sí ní 1892, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló dàgbà sí, Yunifásítì Oxford ló sì ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Apá mẹ́ta ni wọ́n pín ìwé náà sí nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1954 àti 1955. Orílẹ̀-èdè New Zealand ni Jackson ti ya fíìmù náà. Apá kìíní jáde ní 2001, èkejì ní 2002, ẹ̀kẹta ní 2003. Ẹ̀kẹta yìí gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar 11, gbogbo ẹ̀ka tí wọ́n sì yàn án fún náà nìyẹn.

Ìtàn náà kò ṣòro láti sọ ní sókí. Sauron, ọba òkùnkùn, rọ òrùka kan tí yóò fi máa darí gbogbo ayé. Òrùka náà sọnù, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Frodo, ọ̀kan nínú àwọn Hobbit, ẹ̀yà kúkurú tí wọ́n fẹ́ràn oúnjẹ, ọgbà àti àlàáfíà. Gandalf, àgbà oṣó, sọ fún un pé a kò gbọdọ̀ lo òrùka náà, a kò sì lè fi pa mọ́. Inú òkè oníná tí wọ́n ti rọ ọ́ nìkan ni a ti lè pa á run. Mẹ́sàn-án ni àwọn tó jọ gbéra ìrìn náà, ṣùgbọ́n Frodo àti Sam, ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀, nìkan ló rìn ín dópin, pẹ̀lú Gollum, ẹni tí òrùka ti ba ayé rẹ̀ jẹ́ tó sì ń tẹ̀ lé wọn.

Níbo ni ọkàn ìtàn náà wà?

Ní 1958, wọ́n fún Tolkien ní àbá fíìmù kan tí ẹlòmíràn kọ láti inú ìwé rẹ̀ kí ó kà. Kò dùn mọ́ ọn nínú. Ohun tó tọ́ka sí ni pé òfin ìsọ̀tàn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ọ̀nà kan sí òmíràn, àti pé ohun tó ń ba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni kí ẹni tó ń ṣe é má mọ ibi tí ọkàn ìtàn wà. Òṣùwọ̀n tí a ó lò nínú pépà yìí nìyẹn. Bí ọkàn bá ṣì ń lù, a lè gé irun, a sì lè pààrọ̀ aṣọ.

Ní èrò tiwa, ohun méjì ló di ọkàn ìtàn yìí mú. Èkíní ni pé ìrìn-àjò àti sọ nǹkan nù ni, kì í ṣe ti àti rí nǹkan gbà. Akọni inú ìtàn yìí kọ agbára sílẹ̀ ni, ẹni kékeré ló sì lè kọ̀ ọ́ jù. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Èkejì ni àánú. Nígbà tí Frodo dé etí ihò iná, kò lè ju òrùka sílẹ̀ mọ́, ó ní tòun ni. Gollum, tí àwọn ẹlòmíràn ti láǹfààní láti pa tí wọ́n ṣàánú rẹ̀, ló já òrùka náà gbà tó sì gbé e ṣubú sínú iná. Àánú àtẹ̀yìnwá ló gba ayé là.

Gígé àti ṣíṣí nípò tó so èso rere

Nínú ìwé, ọdún 17 ló wà láàárín ìgbà tí Frodo gba òrùka àti ìgbà tó gbéra. Fíìmù kò jẹ́ kí a mọ ọdún wọ̀nyí lára. Tom Bombadil, tó ń gbé inú igbó tó sì ń kọrin kiri, kò sí nínú fíìmù rárá, bẹ́ẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé kọ́kọ́ ń bèèrè. Ṣùgbọ́n òrùka kò lágbára lórí Bombadil. Bí a bá gbé ẹni tí òrùka kò dà láàmú síwájú òǹwòran kó tó mọ bí òrùka náà ti burú tó, ẹ̀rù òrùka yóò dínkù lójú rẹ̀. Ìwé nífọ̀kànbalẹ̀ láti yà síbẹ̀. Fíìmù oníwákàtí mẹ́ta kò ní in.

Ikú Boromir wà ní ìbẹ̀rẹ̀ apá kejì nínú ìwé, níbi tí a ti bá a nígbà tó ti ń kú lọ. Fíìmù gbé e sí òpin apá kìíní, ó sì fi ìjà náà hàn wá lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó fẹ́ já òrùka gbà lọ́wọ́ Frodo ló tún fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ fún àwọn Hobbit méjì. Ẹ̀ṣẹ̀ àti ètùtù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òǹwòran sì bá ẹkún jáde. Bákan náà, ọ̀rọ̀ Gandalf nípa àánú tó wáyé nílé Frodo nínú ìwé ni fíìmù gbé lọ sínú òkùnkùn ihò Moria, níbi tí Gollum fúnra rẹ̀ ti ń tẹ̀ lé wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ẹni tí a ń sọ ọ́ nípa rẹ̀ mọ́.

Àpẹẹrẹ tó gbayì jù ni ìgbà tí Gollum ń bá ara rẹ̀ jiyàn. Nínú ìwé, Sam ló fetí kọ́ ọ. Nínú fíìmù, kámẹ́rà ló ṣe iṣẹ́ náà: ojú ìkà kọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú ẹni tí ìyà ń jẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, bí ẹni pé ènìyàn méjì ló wà níbẹ̀. Andy Serkis ló fi ara àti ohùn ṣe Gollum, kọ̀ǹpútà ló sì yàwòrán rẹ̀. Ohun tí ìwé fi ọ̀rọ̀ ṣe ni fíìmù fi ojú ṣe, kò sì sí ohun tó sọnù.

Ibi tí fíìmù ti kùnà

Ìgbádùn kò ní kí a di ojú. Christopher, ọmọ Tolkien, sọ fún ìwé ìròyìn Le Monde ní 2012 pé fíìmù náà ti yọ ìfun ìwé bàbá òun jáde, ó sì sọ ọ́ di eré ìjà fún àwọn ọ̀dọ́. Ẹjọ́ náà le jù, ṣùgbọ́n kò wá láti inú afẹ́fẹ́. Ogun Helm's Deep, tí orí kan péré gbé nínú ìwé, gba ibi tó pọ̀ gan-an nínú fíìmù kejì.

Ohun tó dùn wá jù wà lórí òkè oníná. Nínú ìwé, Gollum ń jó fún ayọ̀ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó ṣubú. Ọwọ́ ènìyàn kankan kò sí níbẹ̀. Nínú fíìmù, Frodo dìde, ó tún wọ̀ ọ́ jà nítorí òrùka, àwọn méjèèjì sì ṣubú létí ihò. Ìyẹn wu ojú wò, ṣùgbọ́n ó ti fi ipá ọwọ́ sípò àánú, ọkàn ìtàn ló sì kàn yẹn.

Fíìmù tún gé ìpadàbọ̀ sílé. Nínú ìwé, àwọn Hobbit délé wọ́n bá igi tí wọ́n ti gé lulẹ̀, ilé tí wọ́n ti wó, àti àwọn ìkà tó ń ṣe ìjọba lórí àwọn ará wọn. Wọ́n ní láti tún ilé ṣe pẹ̀lú ohun tí ìrìn-àjò kọ́ wọn. Nínú fíìmù, ilé wà bó ṣe wà. Àwọn mẹ́rin jókòó nílé ọtí, wọ́n ń wo ara wọn, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí ojú wọn ti rí. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn lẹ́wà. Ṣùgbọ́n ìwé ń sọ pé ibi kò ní ààlà, pé ó lè ti wà nílé kí a tó dé. Àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọ tí ìlú wọn ti rí ogun àti ìyọnu kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ̀kọ́ yẹn sọnù.

Ọ̀rọ̀ èdè

Ní ìpàdé elédè púpọ̀ bí irú èyí, a kò gbọdọ̀ gbójú fo ọ̀rọ̀ èdè. Tolkien ṣẹ̀dá èdè fún àwọn Elf, pẹ̀lú gírámà àti ìtàn ìdàgbàsókè wọn. Jackson jẹ́ kí àwọn òṣèré sọ àwọn èdè wọ̀nyí, ó sì kọ ìtumọ̀ wọn sísàlẹ̀ àwòrán. Kárí ayé ni àwọn ènìyàn jókòó gbọ́ èdè tí kò ní ìlú, tí kò ní ìyá tó fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, wọn kò sì dìde. Ta ló wá sọ pé òǹwòran kò ní gbọ́ Yorùbá, Haúsá, Ìgbò, Tiv tàbí Núpé tó jinlẹ̀? Àwọn tó ń ṣe fíìmù tí wọ́n ń po èdè wa lómi nítorí ọjà kò tíì bi òǹwòran léèrè.

Bí ó bá kan Fágúnwà

Ní 1954 tí apá kìíní ìwé Tolkien jáde ni Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ti D.O. Fágúnwà náà jáde. Olùkọ́ ni òun náà. Ní 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde, níbi tí Àkàrà-ògùn àti àwọn akọni mẹ́fà, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀, ti rìnrìn-àjò lọ sí Òkè Láńgbòdó. Wálé Ògúnyẹmí ti gbé ìrìn náà lọ sórí ìtàgé nínú Langbodo, eré tí Nàìjíríà fi kópa ní FESTAC ní 1977.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìwé náà di fíìmù ńlá lónìí yóò kọ́kọ́ ronú nípa iwin àti ẹbọra, nítorí pé kọ̀ǹpútà lè yà wọ́n. Ìrágbèje, àgbà tó jókòó kọ́ àwọn ọdẹ lẹ́kọ̀ọ́ fún ọjọ́ méje, ni yóò fẹ́ gé, bí Jackson ṣe gé Bombadil. Níbí ni òṣùwọ̀n wa ti wúlò. A lè yọ Bombadil kí ọkàn ìtàn ṣì máa lù. Ìrágbèje ni ohun tí àwọn ọdẹ lọ bá ní Láńgbòdó. Bí a bá yọ ọ́, ìjà pẹ̀lú iwin nìkan ló kù. Ọkàn ìwé Fágúnwà wà nínú ohùn: ohùn asọ̀tàn, ọ̀rọ̀ ìyànjú, àwàdà, gbólóhùn tó ń yí bí ìlù. Fíìmù tí kò bá rí ọ̀nà láti jẹ́ kí a gbọ́ ohùn yẹn, bó ti wù kí iwin rẹ̀ bani lẹ́rù tó, kò tíì débẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

A dábàá pé kí olùkọ́ tó ń kọ́ni ní ìwé tó ti di fíìmù bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè mẹ́ta. Ibo ni fíìmù yìí ti dùn mọ́ ọ jù, kí ló sì fà á? Iṣẹ́ wo ni ohun tí fíìmù gé ń ṣe nínú ìwé, ṣé ohun mìíràn sì ti gba iṣẹ́ náà ṣe? Níbo ni ọkàn ìtàn náà wà, ṣé ó sì ń lù síbẹ̀? Ẹni tí kò ka ìwé kò lè dáhùn ìkejì. Ìgbádùn tó fi wọlé ni yóò mú un wá ìwé náà lọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ọ̀nà sinimá dé ọjà ìwé, iṣẹ́ olùkọ́ ni kí ó pàdé rẹ̀ níbẹ̀, kí ó sì fi bí wọ́n ṣe ń ná an hàn án.