Iye ọ̀rọ̀ kọ́ ni èdè: àríwísí lórí bí a ṣe ń pìtàn èdè Málta

1. Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ ìwádìí mi lórí bí àwọn ọ̀dọ́ Àjàṣẹ́ ṣe ń sọ Yorùbá, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé: ìdá mélòó nínú ọ̀rọ̀ wọn ni ó jẹ́ Faransé? Mo dáhùn pé n ó kà á. Ẹlòmíràn fi kún un pé bí ó bá ti lé ní ìdajì, kí n má ṣe pè é ní Yorùbá mọ́. N kò rí èsì kankan fọ̀ lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Ìwé kan nípa èdè ọ̀nà jíjìn ni ó jẹ́ kí n rí èsì náà. Ìwé ọ̀hún ni Maltese and Other Languages: A Linguistic History of Malta, tí Joseph M. Brincat kọ, tí ó jáde ní 2011. Ìwé ńlá ni, ìwé gidi sì ni. Àmọ́ ohun méjì wà nínú rẹ̀ tí àwọn ènìyàn ti mú jáde, tí wọ́n ń tún sọ kiri bí ẹni pé wọ́n parí ọ̀rọ̀: èkíní ni ìtàn erékùṣù tí ó dahoro, èkejì ni iye ọ̀rọ̀ inú atúmọ̀-èdè. Mo fẹ́ yẹ méjèèjì wò. Kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a mọ ìtàn tí Brincat fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ lé jáde.

2. Ìtàn nípa ẹ̀jẹ̀

Èdè Málta, tí àwọn tí ó ni ín ń pè ní Malti, jẹ́ èdè Sẹ́mítíkì. Ọ̀dọ̀ Lárúbáwá tí wọ́n ń sọ ní Sísílì àti àríwá Áfíríkà nígbà àtijọ́ ni ó ti ṣẹ̀. Álífábẹ́ẹ̀tì Látìnì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, Kátólíìkì sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ń sọ ọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí jẹ́ ìtìjú fún àwọn kan. Báwo ni Kristẹni ṣe lè máa sọ èdè àwọn Mùsùlùmí?

Nítorí náà ni wọ́n ṣe wá bàbá ńlá mìíràn fún èdè náà. Ní 1750, Agius de Soldanis tẹ ìwé kan jáde tí ó pe èdè àwọn ará Málta ní èdè Púníìkì, ìyẹn èdè àwọn ará Kátéèjì, ọmọ Fònísíà. Mikiel Anton Vassalli, tí wọ́n ń pè ní baba èdè Málta títí di òní, fi Fònísíà àti Púníìkì sínú àkọlé gírámà rẹ̀ ní 1791. Àwọn kan tilẹ̀ mú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 28 wá ṣe ẹ̀rí: níbẹ̀, ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù fọ́ sí Mẹ́lítà, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó sì wà níbẹ̀ fún àwọn ará erékùṣù náà ni èyí tí wọ́n ń lò fún ẹni tí kò gbọ́ Gíríìkì. Wọ́n ní èyí fi hàn pé Púníìkì ni wọ́n ń sọ. Kò burú, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ayé Pọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n èdè tí àwọn ènìyàn ń sọ ní ibì kan ní ẹgbẹ̀rún ọdún kan sẹ́yìn kò fi dandan jẹ́ ìyá èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ lónìí.

Lárúbáwá àti Púníìkì jẹ́ ẹbí kan náà, nítorí náà ẹni tí ó bá ń wá ìjọra yóò rí i. Ní 1810, Wilhelm Gesenius, ará Jámánì, fi gírámà àti ọ̀rọ̀ wé ara wọn, ó sì fi hàn pé Lárúbáwá ni. Síbẹ̀, ìtàn Púníìkì kò kú, nítorí pé kì í ṣe ẹ̀rí ni ó bí i. Àwọn tí ó fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì rí i bí ọ̀nà láti fi hàn pé Málta kì í ṣe ara Ítálì. Àwọn onígbàgbọ́ rí i bí ọ̀nà láti yẹra fún Lárúbáwá.

Kí a má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí ó jáde ní 1921, bẹ̀rẹ̀ láti Mẹ́kà. Ní 1948, J. Olumide Lucas to ọ̀rọ̀ Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ Íjíbítì àtijọ́ láti fi hàn pé ibẹ̀ ni a ti wá. Nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀nà kan náà ni: a kọ́kọ́ yan bàbá tí ó wù wá, a wá ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò jọ ti bàbá náà.

3. Ìtàn nípa erékùṣù tí ó dahoro

Brincat fẹ́ pa ìtàn Púníìkì run pátápátá, ẹ̀rí tí ó sì gbára lé ni ọ̀rọ̀ al-Himyari, òǹkọ̀wé Lárúbáwá. Al-Himyari sọ pé lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí gba Málta lọ́wọ́ àwọn ará Bisáńtíọ̀mù ní 870, erékùṣù náà di ahoro, kò sí ẹni tí ń gbé ibẹ̀. Ó ní ní ọdún 440 Híjírà, èyí tí ó bọ́ sí 1048 sí 1049, ni àwọn Mùsùlùmí tún un kọ́, tí wọ́n sì wá gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ẹrú wọn. Brincat parí èrò pé èdè tuntun pátápátá ni ó dé nígbà náà: kò sí Púníìkì, kò sí Látìnì, kò sí Gíríìkì tí ó ṣẹ́kù lábẹ́ rẹ̀.

Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ibi tí ó parí sí: Malti kì í ṣe ọmọ Púníìkì. Àmọ́ kò nílò ahoro láti fi hàn bẹ́ẹ̀. Al-Himyari kọ ìwé rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn 870. Àwọn awalẹ̀pìtàn náà ti rí ohun tí ó fi hàn pé Mdina, olú-ìlú àtijọ́, kò ṣófo pátápátá láàárín àkókò náà. Àti pé bí ènìyàn bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n lè ju èdè wọn sílẹ̀ fún ti àwọn tí ó wá jọba lé wọn lórí. Èyí ti ṣẹlẹ̀ níbi púpọ̀ láìsí pé ilẹ̀ dahoro.

Ẹ wo orúkọ erékùṣù méjèèjì: Málta àti Għawdex, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Gozo. Orúkọ méjèèjì ti wà kí Lárúbáwá tó dé. Ẹnìkan lè sọ pé èyí fi hàn pé àwọn onílé ṣẹ́kù. Brincat lè dá a lóhùn pé atukọ̀ òkun náà lè gbé orúkọ erékùṣù dání láìsí ẹnikẹ́ni ní orí ilẹ̀. Òótọ́ ni. Orúkọ kò gbe ẹnikẹ́ni. Gírámà ni ó dá ẹjọ́ yìí, gírámà sì ti dá a láti 1810.

4. Ìtàn nípa iye

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí gan-an. Joseph Aquilina ṣe atúmọ̀-èdè Malti sí Gẹ̀ẹ́sì ní ìdìpọ̀ méjì, ní 1987 àti 1990. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tó 41,000. Brincat ka ìpilẹ̀ṣẹ̀ wọn. Ó rí i pé nǹkan bí ìdá 52 nínú 100 wá láti Sísílì àti Ítálì, ìdá 32 láti Lárúbáwá, ìdá 6 láti Gẹ̀ẹ́sì. Kíkà náà ṣe pàtàkì, ìwé náà kò sì parí sórí rẹ̀. Àwọn tí ń tún un sọ ni wọ́n parí síbẹ̀. Wọ́n ń wí pé Malti ti di ìdajì Ítálì.

Àbùkù àkọ́kọ́ ni pé ohun tí a bá rí nínú atúmọ̀-èdè kì í ṣe ohun tí a ń gbọ́ lẹ́nu ènìyàn. Nínú atúmọ̀-èdè, ọ̀rọ̀ tí amòfin ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún àti ọ̀rọ̀ tí ìyá ń lò nígbà ogún lóòjọ́ ní iye kan náà: ẹyọ kan. Ẹ wo gbólóhùn yìí: Ir-raġel kiteb ittra lil ommu, ìyẹn «Ọkùnrin náà kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀». Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni. Ittra nìkan ni ó wá láti Ítálì. Ọkùnrin, kíkọ, sí, ìyá rẹ̀, àti «náà» tí ó so mọ́ ọkùnrin níwájú, gbogbo wọn jẹ́ Sẹ́mítíkì.

Àbùkù kejì ni pé kíkà kò rí iṣẹ́ tí gírámà ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ àyálò. Nínú Malti, kì í ṣe àfòmọ́ nìkan ni wọ́n fi ń sọ ẹyọ di ọ̀pọ̀. Wọ́n máa ń yí inú ọ̀rọ̀ padà. Ktieb ni ìwé kan, kotba ni ìwé púpọ̀. Ọ̀nà Lárúbáwá nìyẹn. Kamra, yàrá, wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Látìnì, àmọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kmamar. Serp, ejò, wá láti ibẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni sriep. Kò sí ará Ítálì tí yóò gbọ́ kmamar tí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Gẹ̀ẹ́sì: ọ̀rọ̀-ìṣe wọn fún gbígbé ọkọ̀ síbì kan di ipparkja, «ó gbé ọkọ̀ síbẹ̀», nipparkja ni «mo ń gbé e síbẹ̀», nipparkjaw ni «à ń gbé e síbẹ̀». Àfòmọ́ n- níwájú àti -w lẹ́yìn jẹ́ ti àwọn Lárúbáwá ìwọ̀-oòrùn.

Ṣé gírámà wá mọ́ pátápátá ni? Rárá o. Karozza, ọkọ̀, di karozzi nígbà tí ó bá pọ̀, ọ̀nà Ítálì sì nìyẹn. Ipparkja fúnra rẹ̀ kò ní gbòǹgbò kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta bíi k-t-b tí ó wà nínú kiteb, ktieb àti kittieb, òǹkọ̀wé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi gírámà rọ́pò iye gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo yóò tún kọsẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé ìbéèrè «ti ta ni èdè yìí?» kò ní ìdáhùn nínú ìdá ọgọ́rùn-ún. Ohun tí a lè bèèrè ni: kí ni ó wọlé, ẹnu ọ̀nà wo ni ó gbà, kí ni onílé sì fi í ṣe?

Ẹ̀sìn ni àpẹẹrẹ tí ó dùn mí jù lọ. Alla ni Kristẹni Málta ń pe Ọlọ́run. Randan, láti inú Ramadan, ni wọ́n ń pe ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Għid, ọ̀rọ̀ ọdún àwọn Mùsùlùmí, ni Àjíǹde. Àwa náà ńkọ́? Kátólíìkì Kétu ń gba àdúrà, ó ń gbọ́ ìwàásù, ó ń kí àlùfáà rẹ̀. Ọ̀nà Mùsùlùmí ni àdúrà àti wàásù gbà wọlé tọ̀ wá wá, láti inú Lárúbáwá, àlùfáà náà sì ti jẹ́ orúkọ fún olùkọ́ni Mùsùlùmí kí ó tó di ti ẹni tí ń ṣe Mísà. Kò sí ẹni tí ó tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ pé Yorùbá ti di Lárúbáwá.

5. Ohun tí ó kàn wá nílé

Mo padà sí ìbéèrè tí wọ́n bi mí. Bí ọmọ Àjàṣẹ́ bá wí pé «Mo ti gáré mọ́tò mi», ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ jẹ́ Faransé. Àmọ́ mo, ti àti mi wà ní ipò wọn. Bí ó bá fẹ́ kọ̀, yóò wí pé «N kò tíì gáré é». Bí ó bá fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, yóò ṣe àpètúnpè bí ó ti ń ṣe fún gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe yòókù: «Gígáré síbí kò dára». Kò sí ará Paris tí yóò gbọ́ gígáré. Bí mo bá ka ọ̀rọ̀ nìkan, gáré bọ́ sí apá Faransé. Bí mo bá wo iṣẹ́ tí ó ń ṣe, ọmọ ilé ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá iṣẹ́ oyè mi. Àwọn tí ó ka iye ọ̀rọ̀ sí òṣùwọ̀n ni wọ́n máa ń pín wa. Nínú àkójọ Ethnologue, Sábẹ̀, Ìdáàṣà, Ìṣà, Ìjẹ àti Nàgó jẹ́ èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó lè jẹ́ pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín díẹ̀ nínú wọn tó bẹ́ẹ̀, n kò fẹ́ fi ìfẹ́ ìṣọ̀kan dáhùn ohun tí ó yẹ kí a fi ẹ̀rí dáhùn. Ṣùgbọ́n kí a tó gba ìpín náà, ẹ jẹ́ kí a bèèrè irú ẹ̀rí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Málta tún kọ́ wa ní ohun kan nípa àkọtọ́. Ṣáájú 1920, bí ó ti wu olúkúlùkù ni ó ń kọ Malti. Vassalli tilẹ̀ ṣe lẹ́tà tirẹ̀. Ní 1920 ni àwọn òǹkọ̀wé dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní 1924 wọ́n gbé ìwé òfin àkọtọ́ jáde, ìjọba sì tẹ́wọ́ gbà á ní 1934. Lẹ́yìn ìyẹn ni Malti gòkè ní ilé ẹjọ́ àti ilé ẹ̀kọ́, tí ó di èdè orílẹ̀-èdè nínú òfin òmìnira 1964, tí ó sì di ọ̀kan nínú àwọn èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 2004. Àwọn tí ń sọ ọ́ kò ju bí ìdajì mílíọ̀nù lọ. Wọn kò dúró di ìgbà tí ọ̀rọ̀ Ítálì bá tán nínú rẹ̀.

Àwa ńkọ́? Ní Bẹ̀nẹ̀, álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè ní kí a kọ ɛ àti ɔ. Ní Nàìjíríà, ẹ àti ọ ni. Bébà yìí ni mo fi ẹ àti ọ kọ, kí ẹni tí ń gbé òdìkejì ààlà lè kà á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni yóò fi ɛ àti ɔ kọ tiwọn. A kò tíì jókòó sórí rẹ̀ bí àwọn ará Málta ti jókòó.

6. Ìgúnlẹ̀

Mo ṣì máa ka ọ̀rọ̀ Faransé inú àkójọ mi, nítorí pé iye wúlò fún ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó ń kà. Ṣùgbọ́n tábìlì náà yóò ní òpó mẹ́ta: ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọ̀rọ̀, iye ìgbà tí a gbọ́ ọ lẹ́nu, àti ohun tí gírámà Yorùbá ṣe sí i. Ẹni tí ó bá wá wo òpó àkọ́kọ́ nìkan, tí ó sì sọ pé àwọn ọmọ Àjàṣẹ́ kò sọ Yorùbá mọ́, n ó bẹ̀ ẹ́ kí ó fojú kan òpó kẹta.